Ẹ Bi Í Kí Ẹ Tó Gbé E: Ìbéèrè Yín Lórí Ìrànlọ́wọ́ Fún Àwọn Akanda Ẹ̀dá

Èkìtì ni gbogbo lẹ́tà tí a dáhùn lóṣù yìí ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ: bí ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣe lè ran akanda ẹ̀dá lọ́wọ́ láìṣe é léṣe. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan ni wá, àwa méjìlá. Ọdọọdún la máa ń pín ìrẹsì fún àwọn akanda ẹ̀dá nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n a fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó wa kò pọ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ gbàgbé owó ná. Ìrẹsì dára, àmọ́ kì í pẹ́ tán. Ohun tí akanda ẹ̀dá kì í tètè rí ni ẹni tí yóò bá a pọn omi láàárọ̀ Mọ́ńdé, ẹni tí yóò bá a dá ọ̀kadà dúró lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ gba oògùn, ẹni tí yóò ka ìwé tó dé fún un, tí kò sì ní í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ará ilé kejì.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ kàn máa lọ kí wọn nílé. Ẹ lọ ní méjì méjì, kí ẹ sì bá onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá tó jókòó tì í. Ẹ béèrè orúkọ tó fẹ́ kí ẹ máa pe òun. Ẹni tí àdúgbò ń pè ní arọ ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, bí ẹ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń kúnlẹ̀ kí àgbà tó wà ní ìdúró, tí wọ́n á sì máa fi “ìwọ” bá àgbà tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wí. Ìwọ̀sí gbáà ni.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ gbé lọ. Kí ni ẹ máa ń ṣe fúnra yín tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe? Kí ló ń ni yín lára jù láàárín ọ̀sẹ̀? Ọjọ́ wo, aago mélòó, ni ẹ fẹ́ kí a máa wá? Ti àkọ́kọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀ fún ogún ọdún kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wá gba ọṣẹ lọ́wọ́ òun.

Ènìyàn méjìlá jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́fà ní méjì méjì. Nítorí náà, ilé mẹ́fà ni kí ẹ gbà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí méjì mú ilé kan fún oṣù mẹ́ta gbáko, lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà. Ohun tó máa ń tú irú ẹgbẹ́ yìí ká ni pé wọ́n á gba ogún ilé lọ́sẹ̀ kìíní, nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, kò ní ku ẹni tó ń lọ mọ́. Ẹ má sì mú ọjọ́ Sátidé: òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó ní Èkìtì kò ní í jẹ́ kí ẹ ráyè. Ọjọ́ Túsìdé tàbí Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí àwọn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ tó jáde, máa ń dúró dáadáa. Ẹni tí kò bá ní lè lọ, kí ó pe onítọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sì wá ẹni rọ́pò. Ẹni tó jókòó láti ìdájí tó ń retí omi kò lè dìde lọ wá a níbòmíràn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àwọn tó lọ, ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tí onílé ní kí wọ́n ṣe nígbà mìíràn. Bó bá rán yín lọ́jà, ẹ ka iye tí ẹ ra nǹkan àti ṣéńjì fún un kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ má gba káàdì báǹkì rẹ̀, ẹ má sì mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, kódà bó bá fi lọ̀ yín. Níbi tó bá jẹ́ ọmọdé ni, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ tó, ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti. Ní ti fọ́tò, ẹ má yà á. Omi tí ẹ pọn kò nílò ẹlẹ́rìí.

Àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa. Bíríkìlà wa fi sìmẹ́ǹtì dá ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i fún arákùnrin kan tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ènìyàn méjì ló ń tì í gòkè pẹ̀lú agbára káká, nígbà tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ òjò, díẹ̀ ló kù kí ó wọ gọ́tà. Kí ni àṣìṣe wa? — Alàgbà kan, Ìjerò-Èkìtì

Ọ̀nà yín kúrú jù. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò le rárá, àwọn bíríkìlà wa tó ń fi íǹṣì àti ẹsẹ̀ bàtà ṣiṣẹ́ ló sì rọrùn fún jù: bí ìloro bá ga ní íǹṣì kan, kí ọ̀nà náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àtẹ̀gùn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì mẹ́fà, íǹṣì méjìlá nìyẹn, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ọ̀nà yín yẹ kó gùn. Ohun tí bíríkìlà sábà máa ń ṣe ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, torí pé ó fẹ́ kí ó mọ síbi tí àtẹ̀gùn mọ. Bí àyè kò bá gùn tó níwájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ sì fi pèpéle títẹ́jú tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní ìbú àti òró sí ibi tó ti yí.

Kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Lókè, níwájú ilẹ̀kùn gan-an, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí ẹni tó wà lórí àga lè dúró ṣí ilẹ̀kùn láìyí padà sẹ́yìn. Ẹ gbé etí méjèèjì sókè ní íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin kí táyà má baà yẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi páìpù irin ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta; àwọn ìyá arúgbó tí kò lo àga rárá ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ má wó èyí tí ẹ ti ṣe. Ẹ fi ṣísẹ́lì ha ojú rẹ̀ kí sìmẹ́ǹtì tuntun lè mú un, kí ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí dé ẹsẹ̀ bàtà kejìlá, kí ẹ wá fi òkúta àti ilẹ̀ pupa kún àárín. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá da ilẹ̀ náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òjò àkọ́kọ́ yóò mú un rì, kọnkéré á sì sán. Íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà ni kí wọ́n máa dà á, kí wọ́n bomi rin ín díẹ̀, kí wọ́n fi odó irin tàbí igi ńlá gún un kó le, kí wọ́n tó da òmíràn lé e.

Kọnkéré orí rẹ̀ nípọn tó íǹṣì mẹ́rin. Sìmẹ́ǹtì báàgì mẹ́ta yóò tó o. Báàgì kan, iyanrìn bárò kan, òkúta wẹ́wẹ́ bárò méjì. Omi kí ó mọ níwọ̀n, torí kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu kò ní í le. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà dán ojú rẹ̀. Kí ó tó gbẹ, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle fà á ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kí táyà àti bàtà rí ibi dì mú. Táìlì kò bá ibẹ̀ mu láéláé. Ẹ bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó jẹ́ kí àga gùn ún.

Ní ti gọ́tà, ẹ fi irin bò ó, kí àwọn ọ̀pá irin náà dábùú ọ̀nà, kí àlàfo wọn má ju ìdajì íǹṣì lọ. Táyà kékeré iwájú ló ń jìn sí àlàfo, bó bá sì ti jìn, iwájú ni ẹni tó jókòó ń ṣubú sí. Kí ẹ tó sanwó ìparí fún bíríkìlà, ẹ pe arákùnrin náà wá, kí ó gòkè kí ó sì sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ni ó mọ̀ bóyá ó dára.

Títí ẹ ó fi ṣe é tán, àyìnpadà ni kí ẹ máa mú àga sọ̀kalẹ̀: ẹni tó ń tì í yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, yóò máa rìn sẹ́yìn, ojú ẹni tó jókòó yóò sì kọ sí òkè.

Ṣé òfin kan wà tó dè wọ́n? Ilé ìfowópamọ́ tí mo máa ń mú àǹtí mi lọ, orí ìlà ni wọ́n ń fi wá sí fún wákàtí méjì, ẹnu ọ̀nà wọn sì há. — Adó-Èkìtì

Ó wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ni, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó sọ pé bí ìlà bá wà, akanda ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, láìtò sí ìlà bó bá ṣeé ṣe. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ tó bá ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000), tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Ẹ má fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àǹtí yín bóyá ó fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀. Bó bá gbà, ẹ béèrè máníjà, ẹ dárúkọ òfin àti ọdún rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àǹtí fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Bí kò bá yí padà, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín.

Mo fẹ́ máa sin bàbá kan tí kò ríran lọ sọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń di ọwọ́ wọn mú gírígírí, ṣùgbọ́n inú wọn kì í dùn sí i. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kò gbọdọ̀ di bàbá mú. Bàbá ni yóò di yín mú. Ẹ sọ orúkọ yín bí ẹ bá ti dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, wọn yóò sì fi ọwọ́ wá òkè ìgbọ̀nwọ́ yín, wọn á dì í mú níbẹ̀. Ẹ máa rìn ní ààbọ̀ ìṣísẹ̀ níwájú wọn. Bí ara yín bá gòkè, wọ́n á mọ̀ pé àtẹ̀gùn ni. Bó bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á mọ̀. Ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn kò mọ nǹkan kan àyàfi ìgbà tó bá kọsẹ̀. Bí ọ̀nà bá há láàárín ìsọ̀, ẹ gbé apá tí wọ́n dì mú lọ sẹ́yìn yín, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn yín gan-an. Ọ̀pá funfun wọn, ọwọ́ wọn ni kí ó wà.

Ẹ ṣọ́ “ibí” àti “ọ̀hún yẹn”. Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ fún ẹni tí kò rí ìka yín. “Gọ́tà ń bẹ níwájú, ìṣísẹ̀ gígùn kan ni”, “ìjókòó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín”: bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jókòó, ẹ fi ọwọ́ wọn lé ẹ̀yìn àga, wọ́n á ṣe ìyókù. Ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ láàárín gbangba lọ ra nǹkan; ara ògiri tàbí tábìlì ni kí wọ́n ti dúró, kí ẹ sì sọ pé ẹ ń lọ.

Bí ìyá ọlọ́jà bá wojú yín tó ní “èló ni wọ́n fẹ́ san?”, ẹ má dáhùn. Ẹ yíjú sí bàbá. Ẹnu wọn ni wọn yóò fi ná iṣu wọn.

Ní ti owó: náírà ₦5 títí dé ₦50 kúrú ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n. Láti ₦100 dé ₦1,000, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ríran máa ń ká wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ₦200 lẹ́ẹ̀kan ní ìbú, ₦500 lẹ́ẹ̀kan ní òró, ₦1,000 lẹ́ẹ̀mejì, kí ₦100 wà láìká. Bóyá bàbá ti ní ti wọn. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì ká ṣéńjì bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbà á. Ìkéré tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ni ẹ̀ ń gbé. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n fi ọwọ́ dárí yín, kí a sì di ìbòjú fún ẹ̀yin náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìbòjú yóò kọ́ yín ju lẹ́tà yìí lọ.

Aránṣọ ni mí. Mo gba ọmọbìnrin adití kan sẹ́nu iṣẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Mo máa ń la ẹnu dáadáa kí ó lè rí ètè mi, síbẹ̀ ó ń ṣì mí gbọ́. — Ìyá aránṣọ, Ìfàkì-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. Ètè ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ètè kò sì lè gbé Yorùbá. Ẹ dúró níwájú dígí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sọ “ọkọ”, “ọkọ́”, “ọkọ̀”, “ọ̀kọ̀” láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmì ohùn, ọ̀fun ló ń ṣe é, ojú kò rí i. Èyí tó tún burú fún aránṣọ ni pé “b” àti “m” kò yàtọ̀ lórí ètè. Ẹ sọ “bá a gé e”, kí ẹ sọ “má gé e”, kí ẹ wá wo ara yín nínú dígí. Aṣọ oníbàárà ti lọ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití, bí èyí tó wà ní Ìkọ́rò-Èkìtì. Bó bá lọ, èdè ọwọ́ tó gbọ́ fara jọ ti Amẹ́ríkà, torí pé Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, ló mú un wọ ilẹ̀ wa. Bí kò bá lọ, àmì ti inú ilé wọn ni yóò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọṣẹ́ yòókù, ẹ kọ́ ogún àmì àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ń lò: gé, má gé, rán, tú, dúró, kò dára, ó dára, òní, ọ̀la, àti òǹkà. Ọmọbìnrin náà ni kí ẹ fi ṣe olùkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; oṣù kan kò ní í pé tí ẹ ó fi máa gbọ́ra yín.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó síbi tí yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà àti yín. Ẹ má dúró kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, ojú yín á ṣókùnkùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́jẹ́ tàbí kí ẹ lu tábìlì, ẹ má sọ nǹkan lù ú. Ìwọ̀n aṣọ, kíkọ ni kí ẹ máa kọ ọ́. Ohun kan kù tí aránṣọ tó ń gbọ́ràn kì í rántí: etí lẹ fi ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti ń kan irin. Ẹ fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ tún gbé e lé e nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á kọ́ ohun tí etí yín mọ̀.

Mo máa ń bá aládùúgbò mi tọ́jú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí. Ọrùn rẹ̀ kò le. Bí a bá ń rọ ọ́ lẹ́kọ, ó máa ń há a, àyà rẹ̀ sì ń hó lóṣooṣù. — Ọmùò-Èkìtì

Ẹ má rọ ọ́ mọ́, lónìí yìí. Ọmọ tó bá dùbúlẹ̀ sórí itan tí wọ́n da ẹ̀kọ sí lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ, òun ló sì ń fa àyà tó ń hó àti ibà lóṣooṣù. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Ìjókòó ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ìdí rẹ̀ kí ó wọ ẹ̀yìn àga pátápátá, orúnkún kí ó tẹ̀, ẹsẹ̀ kí ó tẹ nǹkan. Káfíńtà lè fi pákó méjì tó pàdé bí igun ògiri ṣe ẹ̀yìn àga fún un, èjìká rẹ̀ á wá síwájú, ọrùn á sì rọrùn láti gbé. Orí kí ó wà láàárín, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí orí bá ṣí sẹ́yìn báyìí, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ kí ó jókòó síwájú rẹ̀, kí ojú wọn dọ́gba; bí ẹ bá dúró, òkè ni yóò máa wò.

Ẹ̀kọ kí ó ki, kí ó lẹ̀ mọ́ ṣíbí bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Omi lásán ló ń há irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù. Ìdajì ṣíbí kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró kí ó gbé e mì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ pé ó ti ṣófo, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bó bá wúkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú. Kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, torí ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ní díẹ̀díẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹ fi ẹ̀wà lílọ̀ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kúnná àti epo pupa ṣíbí kan sí i kí díẹ̀ náà lè ní agbára nínú. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí ẹ bá lè gba ọmọ náà fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kí ìyá rẹ̀ sùn, oògùn nìyẹn jẹ́.

Rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún bàbá aládùúgbò wa. Àwa ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbà á lára ọmọ rẹ̀ láti gbé e sórí àga. Ẹ̀yìn ti ń dùn wá, bàbá náà sì ń pariwo èjìká. — Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Apá ọ̀tún yẹn ni ẹ̀ ń fà. Èjìká tí iṣan kò mú mọ́ máa ń yẹ̀ bí wọ́n bá fa apá tàbí ki ọwọ́ bọ abíyá. Ẹ fi apá náà sílẹ̀.

Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí agbára wà, kí iwájú rẹ̀ kọjú díẹ̀ sí ibùsùn. Ẹ fi bíréèkì méjèèjì dè é, ẹ ká ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kúrò. Ẹ mú ọ̀já ìyá ọmọ tó nípọn, ẹ dì í mọ́ ìbàdí bàbá kí ó le. Ọ̀já yẹn ni ẹ ó máa dì mú. Kí bàbá sún wá sí etí ibùsùn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ẹ fi orúnkún yín ti orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kí ó má baà yẹ. Ẹ ní kí ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá ìka ẹsẹ̀: bí orí bá lọ síwájú, ìdí á gòkè fúnra rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí bàbá fúnra rẹ̀ bá yín kà á, ẹ tẹ orúnkún yín, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí ó dìde, kí ó yí, kí ó jókòó. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe tó, ẹnì kejì á wà nítòsí. Bí ẹsẹ̀ òsì náà kò bá gbé e rárá, ẹ má dán an wò. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí iṣan rẹ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́ padà, ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí ti Adó.

Ẹ máa wo ìdí rẹ̀, egungun ìbàdí àti gìgísẹ̀ lójoojúmọ́. Lára dúdú, egbò ìdùbúlẹ̀ kì í kọ́kọ́ pupa. Ojú ibẹ̀ á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, á gbóná, á sì le lọ́wọ́. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má sì gbé e jókòó sórí túùbù táyà tó ní ihò láàárín, torí etí ihò yẹn ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Wọ́n fún àdúgbò wa ní àga oníkẹ̀kẹ́ mẹ́wàá. Kò tíì pé ọdún kan, mẹ́fà ti di ìjókòó adìyẹ. — Olórí àdúgbò, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ìwọ̀n kan náà ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àbí? Ìdí ènìyàn kò sì dọ́gba. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi téèpù wọn ìbú ìdí rẹ̀ ní ìjókòó. Kí àga fi íǹṣì kan fẹ̀ jù ú, kó má ju méjì lọ. Ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó lè wọ àárín ẹ̀yìn orúnkún àti etí àga. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kí ó fi íǹṣì méjì ga ju ilẹ̀ lọ. Tìmùtìmù fóòmù líle tó nípọn tó íǹṣì mẹ́ta ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ìrọ̀rí. Àwọn tí táyà iwájú wọn tín-ín-rín, inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ẹrẹ̀ Ọ̀yẹ́ yóò gbé wọn mì. Ẹ fi wọ́n fún àwọn tó ń lò ó nínú ilé.

Ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe, kí ó máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Táyà ẹ̀yìn sábà jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélógún, túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere ìwọ̀n yẹn ń wọ̀ ọ́. Irun àti òwú máa ń lọ́ mọ́ igi táyà iwájú, kí wọ́n fi abẹ gé e kúrò. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń lo àga mọ èyí: ara táyà ni bíréèkì ń tẹ̀ mọ́, nítorí náà bí atẹ́gùn bá dín, bíréèkì kò mú mọ́ nìyẹn, ọ̀nà olókè sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ó máa fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì láràárọ̀ kí ó tó jáde. Bó bá jìn, kí ó fẹ́ ẹ.